Ẹ Má Rán Tawheed Wá Síbi Iná Yẹn

Ògbómọ̀ṣọ́,
Ọjọ́ kẹfà, oṣù Kejì, ọdún 2024.

Màrdíyyàh,

Ṣé o jí? Ṣé ara rẹ le? Ó tán. Ìkíni kì í pọ̀ lẹ́nu ẹni tí inú rẹ̀ ń hó.

Jàfárù àbúrò mi pè mí lánàá. Ó ní o dúró láàárín àgbàlá ilé-iṣẹ́ òun, níwájú gbogbo àwọn obìnrin tó ń pa kajú, o yọ kọ́kọ́rọ́ ìkòkò irin ńlá tí wọ́n fi ń se kajú, o jù ú sápò, o ní o kò ní tàn án mọ́. Ó ní o pe òun ní apààyàn. Ìwọ, Àwẹ̀ró! Ẹnu tí Jàfárù rán lọ sí yunifásítì, òun lo fi bú Jàfárù.

Wọ́n ní o tún kó ẹrù rẹ kúrò nílé rẹ̀, o lọ gba yàrá kan sí Nimbo, bí ẹni tí kò ní ará nílùú Bouaké. Kí lo fẹ́ kí n sọ fún ẹbí? Nígbà tí bàbá yín kú, àwọn arákùnrin rẹ̀ wá jẹ sàráà, wọ́n nu ọwọ́, wọ́n lọ. Ta ló dúró? Ta ló ní kí ọmọ obìnrin yìí máa kàwé rẹ̀ lọ, nígbà tí gbogbo ayé ń wí pé kí ni obìnrin fẹ́ fi ẹ̀kọ́ ẹ̀rọ ṣe? O parí, ó gbé ọ lọ sí Bouaké ní Ivory Coast, ó fi gbogbo ẹ̀rọ rẹ̀ lé ọ lọ́wọ́. Ẹ̀san rẹ̀ nìyí.

Má pè mí lórí fóònù. Mo ń rí ìpè rẹ, mi ò sì ní gbé e. Gbogbo ìgbà tí mo fi ń kọ́ ọmọ nílé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, kò sí èyí tó ń já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ mi lẹ́nu bíi tìrẹ. Kọ ọ́ sínú ìwé. Àwáàlù awakọ̀ ń ti ibí lọ sọ́dọ̀ yín, ó ń ti ọ̀dọ̀ yín bọ̀. Á gbé e fún mi. Nínú ìwé, kálukú á sọ tirẹ̀ tán kí èkejì tó fèsì.

Èlùbọ́ àti irú wà nínú ọkọ̀ Àwáàlù. Ti Jàfárù ni. Má fọwọ́ kàn án.

Èmi ni ìyá rẹ, bí o bá ṣì mọ̀ bẹ́ẹ̀,
Mọ́nsúrátù.


Nimbo, Bouaké,
Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù Kejì, ọdún 2024.

Ìyá mi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín. Ẹ kú ọyẹ́, ẹ kú ojú lọ́nà. Ṣé orúnkún yín gbádùn? Inú ń bí mi, ṣùgbọ́n mo kúnlẹ̀ náà. Mo ka ìwé yín, mo jù ú sórí bẹ́ẹ̀dì, mo tún lọ gbé e.

Ẹ gbọ́ tẹnu Àlàájì àbúrò yín, ẹ sì dájọ́ kí ẹ tó gbọ́ tèmi. Ẹ ò ṣe bẹ́ẹ̀ fún àwọn ọmọ ilé-ìwé yín rí.

Ohun tí ẹ pè ní ìkòkò yẹn tó yàrá yín. Gáàsì ló ń jó nínú ikùn rẹ̀, omi yí i ká, ooru omi náà la fi ń se kajú kí èèpo rẹ̀ lè rọ̀ fún àwọn obìnrin láti pa. Àwọn tó ṣe é fi ohun méjì dáàbò bo ẹni tó bá ń lò ó. Wọ́n fi ojú kan sí i tó ń ṣọ́ iná: bí iná bá ti kú, ojú yẹn á rí i, á sì ti gáàsì pa lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Wọ́n sì fi fáànù sí i. Kí a tó lè ṣáná, fáànù yẹn á kọ́kọ́ gbá inú ikùn náà mọ́, kí gáàsì tó bá ṣẹ́kù níbẹ̀ lè jáde. Kò pẹ́ ju ìgbà tí ẹ fi ń ṣe àlùwàlá lọ. Bí ẹ ò ṣe lè kírun láìṣe àlùwàlá, bẹ́ẹ̀ ni ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣáná síbẹ̀ láìjẹ́ kí fáànù gbá a.

Láti oṣù tó kọjá ni kamiọ́ọ̀nù, ọkọ̀ akẹ́rù, ti ń kó kajú wọlé láti Sakassou àti Languibonou. Iná kùràǹ ìlú ń lọ, ó ń bọ̀. Bí ó bá ṣe ń lọ ni iná ìkòkò ń kú, tí a tún ní láti dúró de fáànù. Àlàájì ní ìdúró náà ti pọ̀ jù. Ó rán mi lọ sí Abidjan pé kí n lọ wá ẹ̀yà ẹ̀rọ kan. Ẹ̀yìn mi ló ti lọ pe oníná mànàmáná kan, ó ní kó fi wáyà so wọ́n pọ̀, kí ojú má ríran mọ́, kí fáànù má sì dá ẹnikẹ́ni dúró.

Mo dé, mo rí wáyà. Mo ní, "Àlàájì, ta ló ṣe èyí?"

Ó ní, "Èmi ni. Ṣé o fẹ́ kí kajú mi bàjẹ́ nítorí atẹ́gùn ni?"

Mo bẹ̀ ẹ́. Mo bẹ̀ ẹ́ nílé, mo bẹ̀ ẹ́ ní ọ́fíìsì. Ó ní kí n má fi ìwé dẹ́rù ba òun.

Nígbà tó di ọjọ́ tí ẹ ń wí yìí, kùràǹ lọ, ó dé. Moustapha, bàbá ẹ̀yà Dioula kan tó ti ń ṣọ́ ìkòkò náà kí n tó dé ìlú yìí, ṣáná sí i. Kò gbà. Ó tún ṣá a. Ó gbà, ṣùgbọ́n ìró tó fi gbà á mú kí àwọn ẹyẹ fò lórí òrùlé. Ilẹ̀kùn irin náà já ṣí, iná yọ ahọ́n jáde, ó lá irùngbọ̀n Moustapha lọ. Àwọn obìnrin sá. Àlàájì wá, ó wo Moustapha, ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní, "Baba arúgbó ti di ọ̀dọ́." Moustapha náà rẹ́rìn-ín, nítorí pé patrọ́ọ̀nù, ọ̀gá rẹ̀, ń rẹ́rìn-ín.

Ìgbà náà ni mo yọ kọ́kọ́rọ́. Mi ò pe Àlàájì ní apààyàn. Mo ní, "Ẹ óò pààyàn." Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ méjì nìyẹn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé fóònù.

Ọmọ yín,
Màrdíyyàh.


Ògbómọ̀ṣọ́,
Ọjọ́ karùn-ún, oṣù Kẹta, ọdún 2024.

Màrdíyyàh,

Mo gba ìwé rẹ. Orúnkún mi wà bó ṣe wà. O kọ ọ́ dáadáa. Èmi ni mo kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí a kọ dáadáa kì í torí bẹ́ẹ̀ di òtítọ́.

Mo ti dáná igi, mo ti dáná kẹrosíìnì, gáàsì ni mo ń lò báyìí. Bí mo bá gbàgbé tí mo ṣí gáàsì kí n tó rí ìṣáná, iná á kàn bú gbàù díẹ̀, á sì máa jó lọ. Mo wà níbí, mi ò kú. Ìwọ ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé iná jẹ́ ẹranko tó ń sáré léèyàn.

Moustapha tí irùngbọ̀n rẹ̀ jó, ṣé ó fi iṣẹ́ sílẹ̀? Kò fi í sílẹ̀, Jàfárù gbẹ́ kọ́kọ́rọ́ mìíràn fún un. Ẹni tí iná kàn dúró, ẹni tí iná ò kàn ló ń sá. Jàfárù ti ń se kajú ní Bouaké kí ó tó mọ̀ pé ìwọ máa kàwé. Bí ó bá jẹ́ bí o ṣe wí ni, ilé-iṣẹ́ yẹn ì bá ti di eérú tipẹ́.

Èyí tó wá dùn mí jù: Jàfárù ní o lọ bá àwọn ìjọba ibẹ̀, o fi òun sùn. Ṣé òótọ́ ni? Anago ni àwọn ará ibẹ̀ ń pe gbogbo àwa Yorùbá. Bí ojú bá ti ẹyọ kan nínú wa, gbogbo wa lojú tì. O gbé àbúrò ìyá rẹ lọ fún àlejò kí wọ́n dá a lẹ́jọ́! Bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani.

Ó dára. Mo ti bá Jàfárù sọ̀rọ̀, mo ti bẹ̀ ẹ́ gidigidi. A ò ní jẹ́ kí àwọn ẹlòmíì wá jókòó sáyè tí o fi sílẹ̀. Tawheed àbúrò rẹ á wá, bí a bá ti túnu ààwẹ̀ tán. Ó ti parí ìwé mẹ́wàá rẹ̀, ó ń rìn kiri. Moustapha á kọ́ ọ níṣẹ́. Ọmọ tó bá gbọ́ràn ni Jàfárù nílò.

Ìyá rẹ,
Mọ́nsúrátù.


Nimbo, Bouaké,
Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù Kẹta, ọdún 2024.

Ìyá mi,

Ẹ kú ààwẹ̀, kí Ọlọ́run gbà á lọ́wọ́ yín.

Ẹ má rán Tawheed wá síbi iná yẹn. Mo kọ́kọ́ sọ ọ́ síbí kí ẹ má bàa ka ìwé yìí dé àárín kí ẹ jù ú sílẹ̀. Ẹ gbé e lọ kọ́ iṣẹ́ kápẹ́ńtà. Ẹ jẹ́ kó máa rìn kiri. Ẹ jẹ́ kó máa sùn títí di ọ̀sán. Ẹ má rán an wá.

Bẹ́ẹ̀ ni, mo lọ fi Àlàájì sùn. Mi ò yọ́ lọ. Mo sọ fún un kí n tó lọ. Àwọn tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ rán ọkùnrin kan wá. Àlàájì ti gbọ́ ọjọ́ tó ń bọ̀, ó ti ní kí wọ́n tú wáyà. Fáànù gbá a, ojú ríran, gbogbo nǹkan ń lọ bí ti ìyàwó ọ̀ṣìngín. Ọkùnrin náà buwọ́ lùwé, wọ́n fún un ní kajú sísun, ó ń jẹ ẹ́ lọ. Kó tó dé ìkóríta, wáyà ti padà sáyè rẹ̀. Moustapha ló sọ fún mi. Ó ní, "Mà fíì, ọmọbìnrin mi, má bínú. Bí mo bá kọ̀, ta ni yóò bọ́ ilé mi?"

Ẹ ní iná kì í sáré. Ìyá mi, iná ń rìn. Ẹ̀kọ́ tí Àlàájì rán mi lọ kọ́ nìyẹn. A máa ń fi afẹ́fẹ́ àti gáàsì sínú ọ̀pá gíláàsì gígùn, a ó sì tan ẹnu rẹ̀ kan. Bí ohun tó wà nínú rẹ̀ bá dúró jẹ́ẹ́, ẹ óò rí ojú iná tó ń lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, bí ẹni tí kò kánjú débi kankan, títí á fi dé ẹnu kejì. Ojú yín á bá a lọ. Ṣùgbọ́n bí ohun inú rẹ̀ bá ń rú, ojú iná á fà ya sí wẹ́wẹ́, á máa jẹ gáàsì láti ibi púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ó bá tún wá jẹ́ inú irin tí a sé, èyí tó ti jó á wú, á máa ti èyí tí kò tíì jó síwájú, á sì máa rú u sí i. Bó ṣe ń rú u ló ń sáré, bó ṣe ń sáré ló ń rú u. Ẹ ò ní pe Bísímílà tán tó fi máa kan ògiri. Ibi tí irin bá ti rọ̀ jù ló máa gbà jáde, ibi tó sì rọ̀ jù ni ilẹ̀kùn tí ẹni tó ń tàn án dúró tì.

Ìdáná yín ní fèrèsé, gáàsì tó jáde kò ju ẹ̀kún agolo lọ. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi wà láàyè.

Ẹ tún béèrè pé kí ló dé tí ilé-iṣẹ́ náà ò tíì di eérú. Gáàsì tó kéré jù nínú afẹ́fẹ́ kì í gbaná. Èyí tó pọ̀ jù kì í gbaná. Àárín méjèèjì ni ikú wà. Kí wáyà tó débẹ̀, ojú àti fáànù ló ń gbà wọ́n. Láti ìgbà tí wáyà ti wà níbẹ̀, gbogbo ìgbà tí Moustapha ti ń ṣáná láìsí wàhálà, kò sí ìgbà kan tí ẹnikẹ́ni mọ iye gáàsì tó wà nínú ikùn yẹn. Wọ́n kàn ń ṣe oríire ni. Ojú tí à bá fi mọ̀ ọ́n ni Àlàájì fi wáyà dí.

Nígbà tí èmi fẹ́ wá sí Bouaké, ẹ sunkún, ẹ ní ọ̀nà jìn, ẹ ní obìnrin kì í rin ìrìn bẹ́ẹ̀. Tawheed wá rọrùn-ún rán. Ṣé kí n rò pé ẹ fẹ́ràn rẹ̀ jù mí lọ ni, àbí ẹ fẹ́ràn àbúrò yín ju àwa méjèèjì lọ?

Màrdíyyàh.


Nimbo, Bouaké,
Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù Kẹrin, ọdún 2024.

Ìyá mi,

Ẹ kú ọdún. Ẹ ò fèsì ìwé tí mo kọ nínú ààwẹ̀. Mo ní bóyá Àwáàlù sọ ọ́ nù. Mo lọ bá a ní gáréèjì, ó búra pé ọwọ́ ara yín lòun fi í sí. Bí mo ṣe ń bá a sọ̀rọ̀, ta ló ń sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ rẹ̀? Tawheed, pẹ̀lú báàgì bàbá wa léjìká.

Èsì yín nìyẹn. Ẹ fi ọmọ fèsì ìwé.

Mo dì mọ́ ọn. Ó dúró bí igi. Mo ní, "Jẹ́ ká lọ sílé mi, kí o jẹun." Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, Ìyá ní n kò gbọdọ̀ jẹun lọ́dọ̀ yín." Ṣé ẹ sọ bẹ́ẹ̀? Oúnjẹ mi, Ìyá mi? Ṣé májèlé ni mo ń sè ní Nimbo? Ọmọ ọ̀dọ̀ Àlàájì gbé e sẹ́yìn ọ̀kadà, wọ́n lọ. Mo dúró sáàárín gáréèjì, mo ń sunkún bí ọmọdé, àwọn tó ń ta omi ń wò mí.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń lọ dúró lẹ́nu géètì ilé-iṣẹ́ láràárọ̀. Wọn ò jẹ́ kí n wọlé, ṣùgbọ́n ojúde kì í ṣe ti Àlàájì. Lánàá ni Tawheed tó jàjà dá mi lóhùn.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ń dójú tì mí. Àwọn òṣìṣẹ́ ń fi mí rẹ́rìn-ín."

Mo ní, "Jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín. Gbọ́ mi. Bí o bá ṣáná lẹ́ẹ̀kan tí kò gbà, má ṣe ṣá a lẹ́ẹ̀kejì. Ti gáàsì pa, ṣí ilẹ̀kùn, kí o sì jáde síta. Bí o bá gbọ́ òórùn rẹ̀, má fọwọ́ kan ohunkóhun."

Ó ní, "Àlàájì ní kí n má fetí sí yín."

Mo ní, "Fi imú gbọ́, bí o kò bá fẹ́ fi etí gbọ́."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, lẹ́yìn náà ó wọlé lọ. Ìyá mi, ẹ pè é padà. Mi ò bẹ̀ yín fún ohun mìíràn láyé mi mọ́.

Màrdíyyàh.


Ògbómọ̀ṣọ́,
Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù Kẹrin, ọdún 2024.

Màrdíyyàh,

Mo gba méjèèjì. Mo ka méjèèjì. Bẹ́ẹ̀ ni, mo sọ bẹ́ẹ̀ fún Tawheed. Mi ò fẹ́ kí o fi abọ́ ọbẹ̀ kan yí i lọ́kàn padà kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Mo bá a sọ̀rọ̀ lórí fóònù lánàá. Ó ní òun ti ń tan ìkòkò náà fúnra òun, ó ń gbà, kò sì bú. Ó ní Moustapha ń pè é ní ọmọ òun, ó ń fún un lóúnjẹ nínú abọ́ ara rẹ̀. Inú mi dùn. Ó pẹ́ tí inú mi ti dùn kẹ́yìn.

Ìwọ wá ń lọ dúró lẹ́nu géètì bí alágbe. Jàfárù ní àwọn tó ń gbé kajú wá ti ń béèrè pé ta ni obìnrin yìí, kí ni wọ́n jẹ ẹ́. Ó ti tó! Gẹ́gẹ́ bí ìyá rẹ, mo pa á láṣẹ fún ọ: o kò gbọdọ̀ dé ẹnu géètì yẹn mọ́. Bí mo bá tún gbọ́ pé ẹsẹ̀ rẹ kan ibẹ̀, má pè mí ní ìyá mọ́. Ọjọ́ tí o bá kúnlẹ̀ fún Jàfárù ni kí o tó tún kọ̀wé sí mi.

Mọ́nsúrátù.


Ògbómọ̀ṣọ́,
Ọjọ́ kẹjọ, oṣù Karùn-ún, ọdún 2024.

Màrdíyyàh, Àwẹ̀ró ọmọ mi,

Jàfárù ti sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún mi. Láti ìgbà náà, mi ò lè jẹun. Àlùhámúdùlíláì tí Tawheed wà láàyè. Mo pè é, kò lè sọ̀rọ̀, ẹkún ló ń sun títí mo fi pa fóònù. Moustapha ti kú. Kí Ọlọ́run fi í sí àlùjánnà.

Ọmọ mi, fetí sílẹ̀. Jàfárù ní àwọn jàndáámù, ọlọ́pàá ibẹ̀, ti ti ilé-iṣẹ́ pa, wọ́n sì ti gba ìwé ìrìnnà òun. Ó ní wọ́n ń wá ẹni tó mọ̀ nípa ẹ̀rọ náà láti kọ bí ó ṣe ṣẹlẹ̀, wọn ò sì rí ẹni tó mọ̀ ọ́n bíi tìrẹ. Jàfárù ní Moustapha ni kò ṣe é dáadáa. Ó ní Moustapha fúnra rẹ̀ ló jẹ́ kí gáàsì pọ̀, àgbà ti dé sí i, kò ríran dáadáa. Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Òkú kò ní ọ̀rọ̀ í sọ, ẹ̀wọ̀n kò sì ní kàn án. Àbúrò mi ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Bí wọ́n bá tì í mọ́lé, ibẹ̀ ni yóò kú sí, a ó sì sin ẹni méjì dípò ẹyọ kan.

Mo mọ̀ pé mo ti sọ̀rọ̀ líle sí ọ. Gbàgbé ìyẹn. Ṣe èyí fún mi.

Ìyá rẹ,
Mọ́nsúrátù.


Nimbo, Bouaké,
Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù Karùn-ún, ọdún 2024.

Ìyá mi,

Ẹ kú ìrọ́jú. Mo jẹ́ kí ọjọ́ kọjá lórí ìwé yín, nítorí èsì tó kọ́kọ́ wá sí mi lẹ́nu, ọmọ kì í sọ ọ́ sí ìyá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Mi ò sí níbẹ̀. Ẹ ti pa á láṣẹ kí n má dé ibẹ̀ mọ́, mo sì gbọ́ràn sí yín lẹ́nu. Yàrá mi ni mo wà, mo ń fọ aṣọ. Tawheed ló sọ ohun tí mo fẹ́ kọ yìí fún mi, ìwé kò sì gba bó ṣe ń sunkún bó ṣe ń sọ ọ́.

Kùràǹ lọ láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejì oṣù yìí. Kò pẹ́, ó dé. Kamiọ́ọ̀nù méjì ń dúró níta, kajú tútù kún ilẹ̀. Tawheed ṣáná, kò gbà. Ó tún ṣá a, kò gbà. Wáyà Àlàájì wà níbẹ̀, nítorí náà kò sí ohun tó ti gáàsì pa, kò sì sí ohun tó gbá a jáde. Ó kàn ń wọlé lọ. Tawheed gbọ́ òórùn rẹ̀. Ó ní òun fi bọ́tìnnì ìṣáná sílẹ̀.

Àlàájì ń pariwo láti àgbàlá. "Kí lẹ ń dúró dè? Ṣé oorun lẹ ń sùn níbẹ̀ yẹn?"

Tawheed ní, "Àlàájì, ẹ jẹ́ ká ní sùúrù díẹ̀. Ó ń rùn."

Àlàájì ní, "Ṣé ẹ̀gbọ́n rẹ ti kó èèràn ràn ọ́? Tàn án!"

Tawheed ò mọ èyí tí yóò ṣe. Ó nawọ́ padà sí bọ́tìnnì náà. Ìyá mi, ó ti nawọ́. Moustapha wá di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó ní, "Pẹ̀tí, ọmọ kékeré, bọ́ síta. Ìwọ ní ìyá nílé. Èmi á tàn án." Tawheed ní òun kò fẹ́ lọ. Bàbá náà fi ọwọ́ méjèèjì tì í gba ẹnu ọ̀nà jáde, bí èèyàn ṣe ń ti ewúrẹ́ kúrò nídìí èlùbọ́. Tawheed ò tíì rìn dé ibi tí wọ́n ń to àpò sí nígbà tí ilẹ̀kùn irin náà fò jáde. Ilẹ̀ ló bá ara rẹ̀. Nígbà tó dìde, kò gbọ́ ohùn ẹnikẹ́ni mọ́. Etí rẹ̀ ọ̀tún kò tíì ṣí títí di òní.

Ẹni tí ẹ ní kí n kọ ọ́ sí lọ́rùn nìyẹn.

Ẹ ní òkú kò ní ọ̀rọ̀ í sọ. Ó ní ìyàwó. Hàúwà lorúkọ rẹ̀. Mo lọ kí i. Ó jókòó sórí ẹní, àwọn obìnrin yí i ká. Ó wò mí, ó ní, "Ìwọ Anago tó kàwé ẹ̀rọ, wọ́n ń sọ kiri pé ọkọ mi ló pa ara rẹ̀, pé ojú rẹ̀ ti fọ́. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?" Mo ní, "Rárá, Ìyá. Ojú ọkọ yín ríran. Ojú ẹ̀rọ ni wọ́n fọ́." Ó di ọwọ́ mi mú, kò fi í sílẹ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Inú wá bí mi, Ìyá mi, inú tí mi ò mọ̀ pé èèyàn lè ní. Ó bí mi sí Àlàájì, ó bí mi sí oníná yẹn, ó bí mi sí ọkùnrin tó jẹ kajú tó lọ. Ó bí mi sí yín. Ó bí mi sí ara mi tí mo gbọ́ràn.

Mo ti kọ ohun tí àwọn jàndáámù ní kí n kọ. Mo kọ ọ́ bí ó ṣe rí: wáyà náà, ẹni tó ní kí wọ́n so ó, ìgbà tí mo kìlọ̀, ẹni tó ń pariwo pé kí wọ́n tàn án. Tawheed tẹ̀lé mi lọ, ó sọ tirẹ̀, ó buwọ́ lù ú. Kò sí ẹni tó kọ́ ọ ní ohun tí yóò sọ. Ọ̀dọ̀ mi ló ń gbé báyìí, oúnjẹ mi ló sì ń jẹ.

Bí ẹ bá fẹ́ kọ̀ wá lọ́mọ, ẹ kọ àwa méjèèjì pọ̀.

Màrdíyyàh.


Ògbómọ̀ṣọ́,
Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, oṣù Karùn-ún, ọdún 2024.

Màrdíyyàh,

Mo kí ọ. Mo kí Tawheed. Ẹ fi epo gbígbóná sílẹ̀, ẹ má kán nǹkankan sí i létí. Ẹ gbé e lọ sí ọsibítù.

Mo ka ìwé rẹ lójú ọ̀nà, kí n tó wọlé, pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀. Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn Ìyá Mounira, aládùúgbò wa, mi ò lè dé ilé. Ó ń béèrè ohun tó ṣe mí. Mo ní ọmọ mi wà láàyè. Ó ní ṣé ìyẹn lèèyàn ń sunkún sí?

Inú ń bí mi sí ọ, nítorí ohun tí o kọ sí mi, òótọ́ ni. Èyí tó ń bí mi sí ara mi kò kàn ọ́, èmi àti Ọlọ́run la máa yanjú rẹ̀. Àbúrò mi ni Jàfárù, mi ò ní sọ pé kì í ṣe àbúrò mi. Bí wọ́n bá tì í mọ́lé, màá gbé oúnjẹ lọ fún un. Ṣùgbọ́n mo ti sọ fún un pé n kò ní bẹ ẹnikẹ́ni lórí rẹ̀ mọ́. Ó pariwo. Mo jẹ́ kó pariwo tán.

Awakọ̀ mìíràn ló ń gbé ìwé yìí bọ̀ lónìí. Ọkọ̀ Àwáàlù ń gbéra lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tó ń bọ̀. Mo wà nínú rẹ̀. Kí ẹ̀yin méjèèjì pàdé mi ní gáréèjì, kí ẹ má sì gbé mi lọ sílé Jàfárù, ẹ má tíì gbé mi lọ sílé tìrẹ náà. Ilé Hàúwà ni mo ń lọ. Mo fẹ́ sọ fún un pé èmi ni ìyá tí ọkọ rẹ̀ rántí, tó fi ti ọmọ mi síta. Mo fẹ́ sọ ohun tí mo ní kí o kọ nípa ọkọ rẹ̀, ní ẹnu ara mi, kó tó gbọ́ ọ láti ibòmíràn. Bí ó bá lé mi jáde, màá jókòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀.

Mi ò gbọ́ Dioula. Ìwọ ni o máa túmọ̀ fún un. Bí mo bá ṣe ń sọ ọ́ ni kí o máa sọ ọ́, má ṣe rọ̀ ọ́ lójú, má sì fi ọ̀kankan pamọ́ nítorí pé ìyá rẹ ni mí.

Mọ́nsúrátù.